Máṣíìnì Tí Mo Fẹ́ Fi Gbé Bàbá Dé Oko

Sátidé, ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án

Ẹnu mi ló kó mi sí i. Èmi Ọmọ́tóyọ̀sí, olùkọ́ kíláàsì kẹrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, mo ti ṣèlérí pé màá kọ́ máṣíìnì. Mi ò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé mi.

Bàbá ló fà á. Lánàá la ti Adó dé, níbi tí dókítà ti wo ojú wọn. Ó ní ti òsì ti lọ pátápátá, ti ọ̀tún ló kù, ìyẹn náà ò sì ní í pẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọ Ìṣẹ́, ìlú wa. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ọmọ́tóyọ̀sí, mo fẹ́ dé oko kí uná ojú mi tó kú."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Oko kòkó wa ní Ìsàlẹ̀ Ògbèsè, àwọn nìkan ló mọ ààlà rẹ̀. Màmá tó bá wọn gbìn ín ti kú. Àwọn tí wọ́n jọ pààlà náà ti kú, àwọn ọmọ wọn ò sì mọ̀ ju ohun tó bá wù wọ́n láti mọ̀. Bí Bàbá ò bá fi ààlà yẹn han ọmọ kan, a ò ní í ní oko mọ́, ẹjọ́ la máa ní.

Ọlọ́kadà ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹfà, ọ̀kan sáré gbé wọn wọ kòtò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sùn. Wọ́n búra pé àwọn ò tún jókòó sẹ́yìn àjèjì mọ́. Mọ́tò ò sì lè kọjá afárá onígi tó wà lọ́nà oko. Ẹ̀gbọ́n mi Lékan wà ní Pọ́táàkọ́ọ̀tù. Ọkọ mi wà ní Kàdúná, òun náà ò sì lè gun ohunkóhun tí kò bá ní ilẹ̀kùn.

Bàbá ní, "Bó bá jẹ́ pé ọmọ mi kan lè gun máṣíìnì mi ni, ǹ bá jókòó sẹ́yìn ẹ̀."

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹwàá

Bánjọ mẹkáníìkì wá tú máṣíìnì Bàbá. Ọdún mẹ́ta ló ti wà lábẹ́ tapólì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Eku ti bímọ sínú àga rẹ̀. Bánjọ kó ọmọ eku mẹ́fà jáde, Bàbá ní kó má pa wọ́n, pé ayálégbé ni wọ́n. A ra pulọ́ọ̀gì tuntun àti táyà ẹ̀yìn. Bẹntiróòlù ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà lítà kan, ẹni bá fẹ́ kọ́ máṣíìnì lásìkò yìí, orí rẹ̀ ò pé.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dún, Bàbá dìde láìmú ọ̀pá. Wọ́n na ọwọ́ síhà ibi tí ariwo ti ń wá.

"O kú ujọ́ mẹ́ta o," ni wọ́n wí. Máṣíìnì ni wọ́n ń kí.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá

Pápá ilé ìwé wa ò jìnnà sí ilé. Mo gbé àga Bàbá sí abẹ́ igi máńgòrò, mo di ọwọ́ wọn mú débẹ̀. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ́ mi nígbà tí wọn ò ríran dáadáa.

"Etí la fi ń gun máṣíìnì," ni wọ́n wí. "Tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Gíà kan. Yí ọwọ́ díẹ̀. Wá máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n."

Mo wẹ̀yìn bóyá ọmọ kíláàsì mi kan wà nítòsí. Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Obìnrin ìjọ wa ni mí o!

Máṣíìnì fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó kú. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló kú. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí Bàbá ń kà á sókè. Lẹ́ẹ̀kejìlá, ó lọ. Mo ti góòlù kan dé góòlù kejì, ẹsẹ̀ méjèèjì ń wọ́ nílẹ̀, mo ń pe orúkọ Jésù.

"Ó ti gbà!" Bàbá pariwo. "Gbé ẹsẹ̀ kúrò lulẹ̀! Tẹ bíréékì, ògiri ti súnmọ́!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbésẹ̀ méjì ló kù kí n kan ògiri. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní ohùn ẹ́ńjìnnì máa ń yí padà bí ògiri bá dá a padà. Mi ò gbọ́ ìyípadà kankan ní tèmi.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Itan, èjìká, ọrùn ọwọ́. Mi ò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà. Mo jókòó gbà á. Ọlọ́run mọ ìdí.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ṣéènì fa etí ìró mi, díẹ̀ ló kù kó bọ́ mi síhòòhò ní pápá ìjọba. Bánjọ ní ìró àti ṣéènì ò lè gbé pọ̀. Ìjọ wa ò sì gba ṣòkòtò fún obìnrin. Mo pe Faith ọmọ mi ní yunifásítì ní Ìkẹ́rẹ́, ó fi ṣòkòtò rẹ̀ kan rán ọlọ́kọ̀. Mo wọ̀ ọ́ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì gbàgẹ̀rẹ̀. Ẹni bá rí i, á jẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò mí ni, òun ló yẹ kó dáhùn ní ìjọ.

Faith ní, "Mọ́mì, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ jọ̀ọ́." Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Sátidé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Gíà kejì!

Mo ń lọ yíká pápá ni Bàbá kígbe lábẹ́ igi pé, "Ó ń sunkún! Fún un ní gíà kejì!" Mo fetí sí i. Lóòótọ́ ni, ó ń sunkún. Mo tẹ gíà, ẹkún náà dúró, máṣíìnì sì rìn bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo pariwo ayọ̀. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohun tí Bàbá ń gbọ́.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n fọwọ́ kan ojú mi bóyá mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ń rẹ́rìn-ín.

Túsìdeè, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá

Mo ti ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí kí Bánjọ tó fi kún un káàkiri ìlú.

Ìjọba fún wa ní ìsinmi, títì sì dá. Bánjọ ní àkókò tó láti kúrò ní pápá. Ó gun tirẹ̀ tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Mo rìn dáadáa. Mo kọjá ọjà, mo kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́, mo wọ gíà kẹta, mo ń ronú pé àwọn ọkùnrin kàn ń fi nǹkan yìí dẹ́rù bani lásán ni.

Mo dé oríta ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ìjọ Ọlọ́runtọ́ba ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Àwọn ló gbé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi. Ara mi ti ṣe é kí orí mi tó mọ̀. Mo ká orúnkún méjèèjì, mo tẹrí ba, mo ká ọwọ́ kúrò lórí ohun gbogbo tó yẹ kí n dì mú, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà!" Mo ti kúnlẹ̀ tán kí n tó rántí pé orí máṣíìnì ni mo wà.

Ó gba inú èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sétí títì kọjá, ó dà mí sí gọ́tà. Orí orúnkún ni mo balẹ̀ sí. Ìkúnlẹ̀ náà wá pé.

Bàbá Ìjọ, pẹ̀lú gbogbo ìpayà yẹn, kọ́kọ́ dáhùn ìkíni: "Olúwa á bù kún ẹ, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ gbà mí o!"

Ìgúnpá mi bó, dígí ẹ̀gbẹ́ kan fọ́. Bánjọ mú mi délé. Bàbá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi pé ó yàtọ̀, kí n tó lanu wọ́n ní, "Ta lo ń kí?"

Mo ní, "Bàbá Ìjọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n wá ìgúnpá mi rí, wọ́n mú un dání, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí oúnjẹ fi jinná.

Fúráìdè, ọjọ́ kẹrin

Mo ti fi tapólì bo máṣíìnì. Mo sọ fún Bàbá pé ọwọ́ ló ń dùn mí. Ọwọ́ kọ́. Ẹ̀rù ni.

Fúráìdè, ọjọ́ kọkànlá

Lékan pè. Ó ní kí Bàbá fara balẹ̀, pé òun á rán àwọn tó ń wọnlẹ̀ wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá ní, "Wọ́n á bi èèyàn pé níbo ni kí àwọn wọ̀n. Ta ni wọ́n á bi?" Bàbá dá fóònù padà fún mi, wọ́n lọ sí yàrá wọn.

Nígbà tí mo gbé iyán lọ bá wọn lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Wọ́n ń rìn láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ògiri, láti ògiri dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ka ẹsẹ̀ wọn.

"Láti etí omi dé udí pèrègún, ogójì. Yà sápá ọ̀tún. Láti udí pèrègún dé òkúta oníhò, igba ó lé mẹ́wàá." Wọ́n dúró. "Rárá. Ogún. Igba ó lé ogún." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti etí omi.

Wọ́n ń há a sórí kó má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ iyán lọ́wọ́, ojú tì mí débi pé mi ò lè wọlé. Mo gbé iyán sílẹ̀, mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ká tapólì kúrò.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlá

Nígbà ìjẹ́rìí, Bàbá ní kí n mú àwọn lọ síwájú. Mo rò pé ọpẹ́ lásán ni. Wọ́n kọjú sí ẹgbẹ́ akọrin dípò ìjọ, mo rọra yí wọn padà.

"Ẹ̀yin ará," ni wọ́n wí, "ọmọ mi yìí ṣubú nítorí pé mo tọ́ ọ dáadáa." Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, nítorí Bánjọ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. "Mo wá bẹ̀ yín. Bí ẹ bá rí i lórí máṣíìnì, tí kò kúnlẹ̀, tí kò yà sọ́dọ̀ yín, ẹ gbà pé ó ti kí yín. Èmi ti bá a kí yín sílẹ̀."

Wọ́n wá fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, pẹ̀lú ìdí tó ń dùn wọ́n. Bàbá Ìjọ ló sáré gbá wọn mú.

"Ọmọ́tóyọ̀sí," ni Bàbá Ìjọ wí, "mo ti gba ìkíni oṣù Kẹwàá títí dé Kejìlá pọ̀. Máa wo iwájú rẹ."

Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín, n ò mọ èyí tó ṣáájú. Mo nífẹ̀ẹ́ bàbá mi. Mi ò tíì kọ ọ́ sínú ìwé rí, mo ti kọ ọ́ báyìí.

Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Bánjọ ní kí n tó gbé èèyàn, kí n gbé ohun tí kì í sọ̀rọ̀. A di àpò gàrí kan mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, mo gbé e lọ mo gbé e bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́yìn mi. Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn mi ló ń kà láti ọjà dé pápá, ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Bàbá wọ ẹ̀wù òdì jáde láàárọ̀. Mo bá wọn yí i padà. Ogbó dé.

Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá

Òjò. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ní kòkó ti pọ́n látòkè délẹ̀. Bàbá bi mí bóyá mo ti ṣetán. Mo ní ó ku díẹ̀.

"Má jẹ́ kó ku púpọ̀," ni wọ́n wí.

Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án

Èmi àti Bánjọ lọ dán ọ̀nà wò. Pákó kan ti yọ lára afárá onígi. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ti máṣíìnì kọjá. Bánjọ ní kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹni tó gùn ún kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú omi ni wọ́n ti yọ ọ́. Tí òjò bá dá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa lọ.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó dá. A lọ. A ti dé. Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, mo jókòó láti kọ ọ́.

Bàbá ti wọ aṣọ oko láti ìdájí. Mo fi akoto bò wọ́n lórí fìlà, wọn ò jẹ́ kí n ṣí fìlà. Wọ́n gun ẹ̀yìn mi, ọwọ́ wọn méjèèjì bà lé èjìká mi.

"Gbọ́," ni wọ́n wí. "Ìwọ máa wo ọ̀nà. Èmi ni n ó máa kí èèyàn. Ẹni tó bá ń bọ̀, kàn dárúkọ ẹ̀ fún mi."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn láti Ìṣẹ́ dé Ìsàlẹ̀ Ògbèsè. Màá ní, "Ìyá Adéníkẹ́, lápá òsì," Bàbá á sì yí orí sí òsì: "Ìyá Adéníkẹ́, o kú uṣẹ́ o! Ọmọ mi kí ọ o!" Màá ní, "Àwọn mẹ́ta kan, mi ò mọ̀ wọ́n," wọ́n á ní, "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kú àárọ̀ o!" Kò sí ẹni tó bínú. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ti ń kí wa kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní afárá, mo mú Bàbá kọjá lákọ̀ọ́kọ́, mo padà wá ti máṣíìnì.

Kòkó pọ́n lóòótọ́. A dé etí omi, mo rí pèrègún, ó ti di igbó kékeré. Mo nawọ́ sí i, mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ó mà ti pọ̀ o."

"Mo rí i," ni wọ́n wí. Ibòmíràn ni wọ́n kọjú sí.

Mo lọ síwájú wọn, mo gbé ọwọ́ mi sókè lójú wọn, mo jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọn ò ṣẹ́jú.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tí o mú gíà kejì."

Ìyẹn ni pé lábẹ́ igi máńgòrò, ní ìjọ, pẹ̀lú ẹ̀wù òdì yẹn, òkùnkùn ni wọ́n wà. Ọwọ́ tí wọ́n fi kan ojú mi lọ́jọ́ yẹn, òun ni wọ́n fi ń wò mí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ ọ́, Lékan á ní kí la tún fẹ́ lọ oko ṣe. Ìwọ náà á sì ti bo máṣíìnì padà."

Òótọ́ ni, màá bò ó. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ewé kòkó, mo sunkún bí ọmọdé. Bàbá jẹ́ kí n sun ún tó. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó tó. Mú ìwé rẹ."

Ìwé yìí ni mo mú. Wọ́n di èjìká mi mú, a ń ka ẹsẹ̀, mo ń kọ. Etí omi dé pèrègún, ogójì. Pèrègún dé òkúta oníhò, igba ó lé ogún. Mo fi ọwọ́ wọn sínú ihò náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Òkúta dé kùkùté ìrókò, àádọ́jọ. A ka àádọ́jọ, kò sí kùkùté. Bàbá ò dààmú. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gba àdá lọ́wọ́ mi, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ wá inú rẹ̀ títí wọ́n fi bu nǹkan dúdú kan jáde.

"Èédú nìyí," ni wọ́n wí. "Ugi á jẹrà, èédú kì í jẹrà. Yeye rẹ ló rù ú wá ká rì í sí udí kùkùté, o wà lẹ́yìn ẹ̀ lọ́jọ́ náà." Wọ́n fi díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, wọ́n bo ìyókù mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ dé udí orógbó, ọgọ́sàn-án. Láti udí orógbó padà sétí omi, ọ̀nà tààrà.

Ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu nígbà tí a padà sídìí máṣíìnì. Mo mú òjá jáde nínú báàgì mi. Láti ilé ni mo ti mú un wá, ojú ló ń tì mí láti mú un jáde ní àdúgbò. Mo fi dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn mi, mo so ó ní iwájú. Wọ́n fọwọ́ kàn án.

"Òjá yeye rẹ nìyí."

"Òun ni, Bàbá."

"Ṣé ọmọ ọwọ́ lo wá sọ mí dà?"

"Ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Nígbà tí a kọjá afárá, tí mo tún òjá so, wọ́n ní kí n ka ààlà fún àwọn. Mo ń pariwo rẹ̀ lórí ohùn ẹ́ńjìnnì, ogójì, igba ó lé ogún. Mo ṣi ti kùkùté pè, wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò ṣi ọ̀kankan. Mo bi wọ́n bóyá ó ti pé. Mo wá mọ̀ ọ́n lára pé akoto wọn ti bà lé ẹ̀yìn mi, èémí wọn sì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá ti sùn. Ẹni tó búra pé òun ò tún jókòó sẹ́yìn àjèjì mọ́, ó sùn sẹ́yìn mi.

Mo padà sí gíà kìíní. Ọlọ́kadà ń kọjá mi, àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ ológeere náà kọjá mi. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí ẹni tó ń kí wọn ti sùn.

Ní oríta ṣọ́ọ̀ṣì, níbi gọ́tà yẹn gan-an, Bàbá Ìjọ ń bọ̀. Orúnkún mi mọ̀ wọ́n kí ojú mi tó rí wọn. Mo di ọwọ́ máṣíìnì mú. Bàbá Ìjọ wo òjá, wọ́n wo orí tó wà lẹ́yìn mi, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n dúró títí a fi kọjá.

Mi ò kí wọn. Mo ń wo ọ̀nà.